Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìlú Onílùú

Bàbá mi kò ní ilé ní Kumasi mọ́, kò ní ìsọ̀ níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ọ̀rẹ́ kan tí ń kọ ìwé sí i láti ibẹ̀. Síbẹ̀, títí ó fi kú ni ó ń bèèrè bí Kotoko ti ṣe sí. Àwa ọmọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ó ní, "Bàbá, àwọn tó lé yín bí ẹni lé adìyẹ ni ẹ tún ń gbàdúrà fún?" Kì í dá wa lóhùn. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín jù nínú wa ni ọ̀rọ̀ náà padà wá já lé lórí ní ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí mo ti ń ránṣọ láti ọdún 2006. Ohun tí ojú mi rí ní sáà bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Láti ayé òyìnbó ni àwọn baba wa ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àgbàlagbà tí kò bá gbọ́ Twi díẹ̀ ní agboolé wa, a ó bi í pé níbo ni ó wà nígbà èwe rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi fi ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, ó kó ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì dé ilé pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù tí obìnrin kan lè rù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, Kotoko lọ na Englebert ní ayò 2 sí 1 ní Kinshasa, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè ní Áfíríkà. Ìyá mi ní bàbá mi fi rédíò sétí títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tí ó sì gbọ́ pé Kotoko ti borí, ó bọ́ síta, ó ń jó. Robert Mensah, aṣọ́lé Kotoko tí máa ń dé fìlà wọ pápá, ni ó ń ké pè bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra iṣu lọ́jọ́ kejì ni o!

Ó di Johannesburg. Bertrams ni mo ń gbé, ní ìhà ìlà oòrùn ìgboro, níbi tí ènìyàn ti lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa wo òpó iná pápá Ellis Park. Yàrá kan lẹ́yìnkùlé ilé ìyá àgbà kan ni mo háyà. Gogo ni a máa ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Òun náà a sì máa pè mí ní mntanami, èyí tí í ṣe "ọmọ mi" ní èdè Zulu. Phefeni ní Soweto ni wọ́n ti bí i, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó sì jẹ́ nígbà tí wọ́n dá Kaizer Chiefs sílẹ̀ ní ìtòsí ilé wọn. Láti ìgbà náà kò ní ẹgbẹ́ mìíràn. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, Orlando Pirates ni tirẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ti wà láti 1937. Gogo sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, bí Chiefs bá pàdánù, òun kì í dáná alẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ Pirates ni ó pàdánù, ọkọ òun kì í bèèrè oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nínú pápá Ellis Park tí mo wí yẹn ni ènìyàn 43 ti kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2001, Gogo kì í sì gbójú sókè wo ibẹ̀ bí a bá ń kọjá.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà dùn mọ́ mi nígbà tí mo mọ bí ó ti jẹ́. Kaizer Motaung, ọmọ Soweto, ti gbá bọ́ọ̀lù fún Pirates kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1968 láti lọ gbá a fún Atlanta Chiefs. Nígbà tí ó padà dé, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ó sì so orúkọ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ orúkọ ẹgbẹ́ tí ó gbà á lálejò lókè òkun. Orúkọ tirẹ̀ yìí sì dún bí oyè tí àwọn ará Jámánì fi ń pe ọba ńlá wọn láyé àtijọ́. Chiefs ni ìjòyè. Àwọn Zulu wá sọ gbogbo rẹ̀ di Amakhosi, èyíinì ni àwọn ọba. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ kìkì oyè láti orí dé ẹsẹ̀! Ọmọ Yorùbá wo ni irú rẹ̀ kò ní wù? Bí wọ́n bá fẹ́ kí ara wọn, ìka méjì ni wọ́n ń nà sókè: ìfẹ́ àti àlàáfíà.

Sáà tí mo ń wí yìí, ìtìjú ni Chiefs fi wọ inú rẹ̀. Láti 2015 tí wọ́n ti gba líìgì, wọn kò gba ife kankan mọ́. Ipò kẹsàn-án ni wọ́n wà ní òpin sáà 2018 sí 2019, ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 sì ni TS Galaxy, ẹgbẹ́ ìpele kejì, nà wọ́n ní ayò kan sí òdo ní àṣekágbá ife Nedbank. Ará Jámánì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Ernst Middendorp. Nílé rẹ̀, òun ni ó wà nídìí Arminia Bielefeld nígbà tí wọ́n gòkè láti ìpele kẹta títí wọ́n fi wọ Bundesliga ní 1996. Ó ti wà ní Chiefs rí láti 2005 dé 2007 kí wọ́n tó tún pè é ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi dìde lórí àga nígbà tí mo gbọ́ ọ ni pé ó ti kọ́ Kotoko náà rí ní Gánà. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìbá wà láàyè, lọ́jọ́ náà gan-an ni ìbá ti di ará Chiefs.

Ẹ wá wo àwọn tó wà lábẹ́ ará Jámánì yìí. Samir Nurković ti Serbia dé ẹgbẹ́ náà ní 2019; ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí kì í fi orí jẹ bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti òkè níyà. Leonardo Castro ti Colombia wá. Khama Billiat àti Willard Katsande ti Zimbabwe wá, Billiat fẹ́lẹ́ bí ewé, Katsande ní tirẹ̀ a máa gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ń ṣán oko tó ti kún. Lazarous Kambole ti Zambia wá. Nígbà tí ó yá, Anthony Akumu ti Kenya náà dé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pọ̀: Eric Mathoho ga bí òpó nílé ẹ̀yìn, Lebogang Manyama mọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà kí ẹlòmíràn tó rí i, Itumeleng Khune aṣọ́lé sì ni ọmọ tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti èjìká kò jẹ́ kí Khune gbádùn lákòókò náà, ẹni tí ó sì dúró ní ipò rẹ̀ ni Daniel Akpeyi, ọmọ Nàìjíríà.

Èyí ni ó sọ mí di ènìyàn pàtàkì ní òpópónà wa. Kò sí ẹni tí ń pe orúkọ mi mọ́; Akpeyi ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ-ọmọ Gogo, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun náà ni ó gbé jẹ́sì Chiefs rẹ̀ wá fún mi pé ó ti ya ní èjìká. Òwú aláwọ̀ ìyeyè tí mo ní nílé pọ́n díẹ̀ ju aṣọ náà lọ, mo sì sọ fún un, ó ní kò burú. Mo rán an ní ìránpo méjì kí ó má baà tún ya. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2019, Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà pàdé ní Cairo nínú ìdíje ife Áfíríkà, Akpeyi dúró sí ẹnu ilé wa, a sì fi ayò 2 sí 1 borí wọn nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà kò fi kí mi. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Malume, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún Akpeyi pé kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ yẹn pamọ́ dè wá." Malume ni wọ́n ń pe arákùnrin ìyá ẹni.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nígbà náà nítòsí Jules Street. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ìsọ̀ àwọn àlejò. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé, n kò ní gùn ún lọ títí. Mo ti ilẹ̀kùn mi, mo sì sá gun òkè ilé kan ní òdìkejì títì lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn tí wọ́n fọ́ àgádágodo mi. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sórí. Àwọn obìnrin méjì fa ìdì léèsì láàárín ara wọn títí ó fi ya. Lẹ́yìn wọn ni ẹnì kan jáde tó gbé ìdì àǹkárá lé èjìká, ó wọ jẹ́sì ìyeyè àti dúdú, ó sì gba abẹ́ fèrèsé wa kọjá. Bí ó bá jẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí, ǹ bá sọ pé mo ṣì í mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí aránṣọ tí kì í mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìránpo méjì ni, òwú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ ju aṣọ náà lọ.

N kò sọ fún ọ̀rẹ́ mi. N kò sọ fún Gogo pẹ̀lú nígbà tí mo délé. Ìdí rẹ̀ nìyí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ó bú mi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Gánà àti àwọn àlejò mìíràn kúrò nílẹ̀ wa, tí àwọn ènìyàn fi sọ àpò ńlá aláràbarà tí wọ́n kó ẹrù wọn sí ní "Ghana Must Go", ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo jẹ́. Ọmọ Kumasi kan wà ní àdúgbò wa tí ń tún bàtà ṣe. Òun ni bàbá mi máa ń bá sọ Twi nírọ̀lẹ́. Kotoko ni wọ́n máa ń sọ. Ní ọjọ́ kejì tí ó lọ, àwa ọmọdé wọ inú àtíbàbà rẹ̀, oníkálukú sì mú ohun tó wù ú. Èmi mú òòlù. Bàbá mi bá a lọ́wọ́ mi. Kò nà mí, kò bá mi wí. Ó gba òòlù náà, ó fi í sí orí àtérígbà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi dógùn-ún. Ní ìparí ọdún náà Kotoko tún gba ife Áfíríkà. Bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ṣùgbọ́n kò jó.

Ọ̀rọ̀ náà kan bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Àwọn ará Zambia kọ̀, wọn kò bá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà gbá eré ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti ṣètò. Wọ́n bẹ Madagascar, àwọn náà kò wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà ni ọkọ̀ òfurufú Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń jẹun lọ. Èmi dúró. Mo jẹ gbèsè, aṣọ oníbàárà tí wọ́n kó lọ wà lọ́rùn mi, n kò sì ní ohun tí n óò mú délé. Kí ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, Chiefs ń ṣe dáadáa pẹ̀lú, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé bí mo bá lọ, n kò ní mọ bí ó ti parí.

Gogo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ Singer ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ lò, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún mi. Kò bi mí pé ta ni ó kó ṣọ́ọ̀bù mi. Báyìí ni èmi àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe di ẹni tí ń rí ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó dẹ́kun àtimáa pè mí ní Akpeyi. Bí bọ́ọ̀lù bá wà, òun á jókòó sórí ilẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, èmi á wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Gogo á wà láàárín wa.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, Chiefs àti Pirates ta ọ̀mì, wọ́n sì yanjú rẹ̀ pẹ̀lú pẹnárítì; Akpeyi ló wà lẹ́nu ilé, Chiefs sì borí. Wọ́n tún fẹ́ pàdé nínú líìgì lọ́sẹ̀ kejì, ní ọjọ́ 9. Gogo ra ìwé ìwọlé méjì. Mo rò pé òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò lọ. Ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó fi èkejì lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ jọ lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì rí pápá FNB, igbá ni. Bí wọ́n ti tún un kọ́ fún ife àgbáyé 2010, igbá ńlá kan ni wọ́n mú ṣe àwòṣe rẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí igbá tí wọ́n ti finá yà, ó sì ń gba èrò tó lé ní ẹgbàá márùndínláàádọ́ta. Ọmọ náà kò wọ jẹ́sì rẹ̀ lọ. Aṣọ lásán ni ó wọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wọ ìyeyè. Mo kíyè sí i, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ pé mo mọ̀. A jókòó bí ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí. Àwọn kan ń fun vuvuzela sí wa létí, àwọn kan dé akoto makarapa tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì kùn. Nígbà tí ayò kẹta Chiefs wọlé, gbogbo igbá náà fò sókè, àwa náà sì fò, nígbà tí n óò sì fi mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti dì mọ́ ọmọ náà, ó ti dì mọ́ mi. Ayò 3 sí 2 ni ó parí sí. Nínú táksí tí a wọ̀ padà kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ó ní, "Ó dàárọ̀, Akpeyi."

Chiefs pé àádọ́ta ọdún ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ni wọ́n sì wà lókè. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì wọ́n tún fi ayò kan tí Kearyn Baccus gbá sínú àwọ̀n na Pirates. Nígbà tí àrùn kòrónà dé tí wọ́n dá eré dúró ní oṣù kẹta, pọ́ìntì 48 ni Chiefs ní, Mamelodi Sundowns ní 44. Wọ́n ti wa ní ilé. Ìbòmú ni mo ń rán lórí Singer Gogo, ọmọ náà ń gé okùn rírọ̀ rẹ̀ fún mi. Òwò náà kò burú rárá. Ní àárín kan náà ni George Maluleka, tí í ṣe ọwọ̀n kan láàárín pápá, parí àdéhùn rẹ̀ tí ó sì kọjá sọ́dọ̀ Sundowns. Gogo ní, "Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ," ṣùgbọ́n ó bú u fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní oṣù kẹjọ ni wọ́n padà sórí pápá tí kò sí èrò kankan. Ẹgbẹ́ tí ó ń kọ́ orin gbára lé èrò ni Chiefs. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, ẹsẹ̀ wọn kò yá mọ́. Pọ́ìntì tí wọ́n fi ṣíwájú ń yọ́ bí iyọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, àwọn méjèèjì ní pọ́ìntì 56 dọ́gbadọ́gba, ayò nìkan ni Chiefs fi wà lókè. Baroka ni Chiefs fẹ́ bá gbá a. Sundowns fẹ́ pàdé Black Leopards. Khama Billiat kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé, Gogo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ. Lẹ́yìn ìsinmi, Manuel Kambala ti Baroka dá a padà. Orin dúró. Níbòmíràn Sundowns ti ń gbá ayò sílé bí ẹni ń ka owó, 3 sí òdo ni wọ́n fi parí. Ayò 1 sí 1 ni tiwa. Sundowns ní 59, Chiefs ní 57.

Ọmọ náà fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Ó ní, "Àwọn àlejò yìí ni! Ará Jámánì yìí àti àwọn àlejò tó kó jọ ni wọ́n bà á jẹ́." Ilé dákẹ́. Gogo kò wo òun, kò wo èmi. Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí ọmọ náà lọ bu omi wá. Nígbà tí ó gbé omi dé, ó bu tèmi fún mi lákọ̀ọ́kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti dá Middendorp dúró.

Akpeyi lọ ní 2022. Èmi ṣì wà. Chiefs kò tún gba ife kankan títí di ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025 tí wọ́n fi ayò 2 sí 1 na Pirates ní Durban nínú àṣekágbá ife Nedbank. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré náà ni ọmọ-ọmọ Gogo wá bá mi, ó ti di géńdé, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó mú jẹ́sì náà lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ wo eré, ṣùgbọ́n kò gba òun mọ́. Mo fi tépù wọn àyà rẹ̀ àti apá rẹ̀. Mo sọ fún un pé n óò tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, n óò fi aṣọ dúdú kún un. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi kan èjìká. Mo ti ní òwú tó bá a mu gan-an báyìí, mo sì mú abẹ láti tú ìránpo àtijọ́ náà kí n lè tún un rán.

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Malume, ẹ má tú ìyẹn."

Mo fi abẹ sílẹ̀. Ọgọ́ta rand ni mo pè é. Ó san án pé.